Kíkó lọ sí àdúgbò tí owó ilé ti fúyẹ́ nílẹ̀ òkèèrè: Ìbéèrè àti ìdáhùn

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti kó ilé láti ìgbà tí mo ti di àjèjì nílẹ̀ onílẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì nínú rẹ̀ ló sì jẹ́ pé owó ilé ló lé mi jáde. Kò sí oṣù kan tí ẹnì kan ò ní pè mí pé, "Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kó lọ síbi tówó ẹ̀ mọ níwọ̀n, kí ni kí n ṣọ́ra fún?" Mo kúkú kó àwọn ìbéèrè náà jọ síbí. Òfin ìlú kan yàtọ̀ sí ti èkejì, torí náà tí mo bá dárúkọ orílẹ̀-èdè kan, àpẹẹrẹ ni. Ẹ wo ti ibi tẹ́ ẹ wà kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé.

Owó ilé ibẹ̀ kéré gan-an sí ti ibi tí mo wà. Ṣé kí n máa kó ẹrù lọ ni?

Ẹ ní sùúrù ná. Ẹ mú bébà kan, kẹ́ ẹ kọ gbogbo owó tó ń jáde lápò yín lóṣù nítorí ibi tẹ́ ẹ ń gbé: owó ilé, iná, omi, owó ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru, owó tí ìjọba ìbílẹ̀ ń gbà lórí ilé, íntánẹ́ẹ̀tì, owó ọkọ̀. Ẹ wá kọ ti ibi tẹ́ ẹ fẹ́ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àròpọ̀ méjèèjì ni èrè yín, kì í ṣe ìyàtọ̀ owó ilé.

Owó ọkọ̀ ló máa ń tú àṣírí jù. Ní London, wọ́n pín ìlú sí sóònù bí òrùka tó yí òrùka ká. Bẹ́ ẹ bá ṣe ń jìnnà sí àárín ìlú náà ni owó rélùwéè yín ń gorí sí i. Paris ò rí bẹ́ẹ̀. Láti oṣù September ọdún 2015, iye kan náà ni káàdì ọkọ̀ olóṣooṣù jẹ́ fún ẹni tó ń gbé àárín gbùngbùn àti ẹni tó ń gbé ìpẹ̀kun agbègbè ìlú náà. Ẹni tó kó lọ sẹ́yìn ìlú ní Paris kò fi kọ́bọ̀ kún owó káàdì rẹ̀. Ẹni tó dán irú ẹ̀ wò ní London lè rí i pé ọkọ̀ ti jẹ lára ohun tí òun rò pé òun rí he.

Ẹ tún béèrè ohun tó wà nínú iye tí wọ́n kọ síta. Àwọn ará Jámánì ní orúkọ fún un: owó ilé "tútù" àti owó ilé "gbígbóná". Tútù ni owó yàrá lásán. Gbígbóná ni tí wọ́n bá ti ro omi, ìmóoru àti ìtọ́jú ilé mọ́ ọn, iná mànàmáná sì sábà máa ń dá dúró síbẹ̀. Ẹni tó bá fi tútù ibí wé gbígbóná ọ̀hún ti ṣi ìṣirò ṣe. Ní England, ayálégbé ló sábà máa ń san owó káńsù, ìyẹn owó tí ìjọba ìbílẹ̀ ń gbà lórí ilé, fúnra rẹ̀, kò sì sí nínú owó ilé tẹ́ ẹ rí lójú ìpolówó. Àmọ́ ilé tó bá jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi gbogbo àkókò kàwé nìkan ló kún inú ẹ̀, wọn kì í san án.

Èyí tó bá mi fínra jù ni àkókò. Agogo 11 alẹ́ ni mo ń kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nígbà náà. Agogo 11 kọjá ìṣẹ́jú 5 ni bọ́ọ̀sì ìkẹyìn ń gbéra, ibi tó ti ń gbéra sì tó ìrìn ìṣẹ́jú 10. Mi ò béèrè kí n tó kó. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni mo ń wọ takisí, tí mo ń sọ fún ara mi pé ti òní yìí nìkan ni. Oṣù méjì kọjá kí n tó jókòó ṣírò ẹ̀: owó takisí yẹn ju iye tí mo fi kó kúrò nílé àkọ́kọ́ lọ. Torí náà, ẹ rin ìrìn náà kẹ́ ẹ tó kó, láti ẹnu ọ̀nà ilé tuntun dé ẹnu iṣẹ́, lákòókò tẹ́ ẹ máa ń lọ gan-an. Máàpù orí fóònù kì í sọ fún yín pé èrò ti kún rélùwéè àkọ́kọ́ dẹ́nu.

Ìdá mélòó nínú owó oṣù ló yẹ kí n fi san owó ilé?

Ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilé ka ẹni tó bá ń ná ju ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún un lórí ilé sí ẹni tí ilé ń ni lára. Ìdíwọ̀n tó dáa ni, àmọ́ èmi ò fi bẹ́ẹ̀ tẹ̀ lé e. Ohun tó bá ṣẹ́ kù sọ́wọ́ yín lẹ́yìn ilé ni kẹ́ ẹ wò, pàápàá bó bá jẹ́ pé ẹ ń fowó ránṣẹ́ sílé.

Ta ni mo gbọ́dọ̀ sọ fún pé mo ti kó?

Ìbéèrè yìí ló yẹ kó ṣáájú, àmọ́ àwọn tó ń bi mí ò tó nǹkan. Ilé tí ọmọ onílùú ń gbé, ibi tó ń sùn ni. Ilé tí àjèjì ń gbé, ibi tó ń sùn ni, òun náà sì tún ni àdírẹ́sì tí ìjọba fi mọ̀ ọ́n. Ara àdírẹ́sì yẹn ni wọ́n so ìwé ìgbélùú mọ́, àti báńkì, àti ilé ìwòsàn, àti ilé ìwé ọmọ.

Ní Jámánì, ọ̀sẹ̀ 2 ni òfin fún yín láti lọ forúkọ sílẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti kó wọlé, ẹ sì gbọ́dọ̀ mú ìwé kan dání tí onílé fi jẹ́rìí pé lóòótọ́ lẹ ti kó débẹ̀. Ọjọ́ 5 péré ni ti Netherlands. Ní Japan, ọjọ́ 14 ni, wọ́n á sì kọ àdírẹ́sì tuntun sẹ́yìn káàdì ìgbélùú yín. Ẹni tó bá kúrò níbi tí wọ́n mọ̀ ọ́n sí, tó jẹ́ kí ọjọ́ 90 kọjá láìsọ ibi tó wà, láìní ìdí tó gúnmọ́, wọ́n lè gba ẹ̀tọ́ ìgbélùú lọ́wọ́ ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ 10 ni wọ́n fún ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tí kì í ṣe ọmọ ìlú láti kọ fọ́ọ̀mù AR-11 tí wọ́n fi ń sọ àdírẹ́sì tuntun, ẹ sì lè kọ ọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bẹ́ ẹ bá wà ní Britain, tí físà yín sì ti di ti orí íntánẹ́ẹ̀tì, inú àkáǹtì yín lọ́dọ̀ UKVI, ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó físà, lẹ ti máa yí àdírẹ́sì padà.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Nígbà kejì tí mo kó, mo sọ fún báńkì, mo sọ fún ibi iṣẹ́, mo gbàgbé àwọn tó ń ṣe ìwé ìgbélùú. Lẹ́tà tí wọ́n fi pè mí fún ìpàdé lọ sílé àtijọ́. Ọjọ́ kẹta tí ọjọ́ ìpàdé ti kọjá ni mo yà síbẹ̀, mo bá a lórí àwọn àpótí lẹ́tà nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ẹnì kan ti gbé ife kọfí lé e, àmì rẹ̀ sì yí orúkọ mi po. Oṣù mẹ́rin ni mo fi dúró de ìpàdé mìíràn. Ẹ̀bi mi ni. Ìyẹn ni mo fi máa ń sọ fún èèyàn pé kó tó palẹ̀ ẹrù mọ́, kó kọ orúkọ gbogbo ibi tí lẹ́tà ti ń wá bá a sílẹ̀, kó sì san owó fún ilé ìfìwéránṣẹ́ kí wọ́n máa darí lẹ́tà rẹ̀ sílé tuntun fún ìgbà díẹ̀. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló ní irú ètò bẹ́ẹ̀.

Onílé ní ilé wà, ó dínwó, àmọ́ kí n má fi àdírẹ́sì ibẹ̀ forúkọ sílẹ̀. Ṣé kò burú?

Ó burú. Ìdí tí wọ́n fi ń sọ bẹ́ẹ̀ ò pọ̀: bóyá wọn ò fẹ́ san owó orí lórí owó ilé, bóyá èrò ti pọ̀ ju iye tí òfin gbà nínú ilé, tàbí kó jẹ́ pé ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀ gan-an, ayálégbé ni, tí onílé gidi ò mọ̀ pé ó tún ń yá ẹlòmíì. Èyí ó wù kó jẹ́, ìgbádùn ẹ̀ tiwọn ni, wàhálà ẹ̀ tiyín. Ọmọ onílùú lè forí tì í fún ọdún kan. Ẹni tó ní físà tó fẹ́ tún ṣe ò lè dán an wò.

Èló ló yẹ kí n san lẹ́ẹ̀kan náà kí wọ́n tó fún mi ní kọ́kọ́rọ́?

Ẹ kọ́kọ́ ya owó méjì sọ́tọ̀: owó ìdógò tí onílé ń gbà mú, tó yẹ kó dá padà tẹ́ ẹ bá kó jáde láìba nǹkan jẹ́, àti owó tó lọ tó lọ nìyẹn.

Òfin dá iye owó ìdógò dúró láwọn ibì kan. Ní Jámánì, kò gbọ́dọ̀ ju owó ilé "tútù" oṣù 3 lọ, ẹ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti pín in san lẹ́ẹ̀mẹta. Ní France, oṣù 1 ni fún ilé òfìfo, oṣù 2 fún ilé tó ní àga àti bẹ́ẹ̀dì. Ní England, láti ọdún 2019, ọ̀sẹ̀ 5 ló pọ̀ jù fún ilé tí owó rẹ̀ lọ́dún kò tó 50,000 owó pọ́n-ùn, onílé sì gbọ́dọ̀ fi owó náà sínú ètò ààbò tí ìjọba fọwọ́ sí láàárín ọjọ́ 30. Ẹ béèrè ìwé ẹ̀rí rẹ̀, ẹ má tijú. Ní Québec, onílé ò tiẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ọ̀kan.

Àwọn ibì kan wà tí àṣà wọn máa ń ya àlejò lẹ́nu. Ní Japan, wọ́n lè ní kẹ́ ẹ san reikin, owó ìdúpẹ́ lọ́wọ́ onílé, kì í sì í padà wá. Àmọ́ ilé tí kì í gbà á wà, ó yẹ kẹ́ ẹ wá a. Ní South Korea, jeonse ni pé kẹ́ ẹ kó owó ńlá kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ má san owó oṣooṣù rárá, kí wọ́n dá gbogbo ẹ̀ padà nígbà tí àdéhùn bá parí. Jìbìtì ti wọ inú ẹ̀ gan-an láwọn ọdún àìpẹ́ yìí, pàápàá lórí ilé tí gbèsè ti wà lọ́rùn ẹ̀. Ẹ má ṣe jeonse láìjẹ́ pé ẹnì kan tó mọ òfin bá yín wo ìwé ilé náà.

Mi ò ní onídùúró, báńkì ibẹ̀ ò sì mọ̀ mí rí. Ta ló máa fún mi nílé?

Ibi tó ń ká àjèjì lọ́wọ́ kò jù nìyí. Onílé fẹ́ rí i pé ẹ ti ń san gbèsè bó ṣe yẹ lórílẹ̀-èdè rẹ̀, ìgbà tó jẹ́ pé àná lẹ dé. Ní France, ètò kan wà tó ń jẹ́ Visale tó máa ń ṣe onídùúró lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́, akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́. Ní Japan, ilé iṣẹ́ ló máa ń ṣe onídùúró fún yín, ẹ̀yin lẹ máa san owó wọn. Níbi tí irú ẹ̀ ò bá sí, ìwé ló ń sọ̀rọ̀: ẹ di ìwé owó oṣù mẹ́ta, àdéhùn iṣẹ́, ìwé ìgbélùú àti lẹ́tà láti ọwọ́ onílé àtijọ́ pọ̀ sójú kan, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá wo ilé. Ẹni tó kọ́kọ́ mú ìwé rẹ̀ wá ló sábà máa ń gba ilé.

Wọ́n ní onílé ò sí nílùú, kí n fi owó ránṣẹ́, wọ́n á fi kọ́kọ́rọ́ ránṣẹ́ sí mi.

Gbájú-ẹ̀ ni. Kò sí àlàyé míì.

Kí ni kí n máa wò tí mo bá lọ wo ilé?

Imú ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi wọlé. Ọ̀rinrin ní òórùn tirẹ̀, bí aṣọ tí wọ́n ká nígbà tí kò tíì gbẹ tán. Bí wọ́n bá ti ṣí gbogbo fèrèsé sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé lọ́jọ́ tí òtútù mú, ẹ bi ara yín léèrè ohun tó fà á. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ síbi ògiri tó kọjú síta, ẹ bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ sún kọ́bọ́ọ̀dù díẹ̀, kẹ́ ẹ tan iná fóònù sẹ́yìn ẹ̀. Bí ògiri bá ti ń bu, ẹ máa rí àmì dúdú kéékèèké bí ìgbà tí wọ́n fọ́n ata dúdú sí i. Ẹ wo igun òkè àjà pẹ̀lú. Ògiri kan ṣoṣo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, tí mẹ́ta tó kù ti gbó, nǹkan wà lábẹ́ ọ̀dà yẹn.

Ohun tó ń fà á ni pé afẹ́fẹ́ tó móoru, tó kún fún omi inú ìwẹ̀ àti ìdáná, ń lọ bá ògiri tó tutù, omi inú ẹ̀ sì ń di ìrì síbẹ̀. Ilé tí wọn ò kọ́ kó lè gbé ìmóoru dúró ló máa ń ṣe jù, irú ilé bẹ́ẹ̀ ló sì sábà máa ń dínwó. Tẹ́ ẹ bá fẹjọ́ sùn, onílé á ní ẹ̀yin lẹ kì í ṣí fèrèsé. Wọ́n ti sọ ọ́ fún mi rí, nílé tí fèrèsé ọ̀hún ò ṣeé ṣí.

Ẹ béèrè ìwé tó ń fi lẹ́tà A dé G sọ bí ilé ṣe ń jẹ iná tó. Ní France, láti ọjọ́ 1 oṣù January ọdún 2025, wọn ò gbọ́dọ̀ ṣe àdéhùn tuntun lórí ilé tó bá gba G. Ní England, ilé tó bá rẹlẹ̀ ju E lọ kò ṣeé fi háyà, àfi èyí tí wọ́n dìídì yọ sílẹ̀. Ilé onílẹ́tà E tó dínwó lè gba ìdínwó náà padà lọ́wọ́ yín láàárín oṣù mẹ́ta òtútù.

Èyí tó kù yá: ẹ ṣí omi gbígbóná kẹ́ ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá tó fi gbóná, ẹ fa omi ṣáláńgá, ẹ wo bóyá fóònù ń gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì nínú yàrá, ẹ béèrè bóyá mítà yín dá dúró.

Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé àdúgbò yẹn ò dáa. Báwo ni mo ṣe máa mọ òótọ́?

Ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ti débẹ̀ rí. Nígbà míì, "àdúgbò tí ò dáa" kàn túmọ̀ sí àdúgbò táwọn àjèjì bíi tiyín pọ̀ sí ni. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Ẹ lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta: àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Ẹ wo bóyá iná òpópónà ń tàn, bóyá àwọn obìnrin ń dá rìn lẹ́yìn tílẹ̀ ṣú, bóyá àwọn ọmọdé ń ṣeré níta. Ní England àti Wales, àwọn ọlọ́pàá ń gbé ìwà ọ̀daràn tí wọ́n kọ sílẹ̀ sórí máàpù police.uk, ẹ lè wo ti àdúgbò yín. Àmọ́ ẹ fi wé ti ibi tẹ́ ẹ ń gbé lọ́wọ́ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rù. Ọ̀pọ̀ ni kò wo tiẹ̀ rí.

Ṣé kí n wá ibi táwọn èèyàn mi pọ̀ sí?

Lọ́dún àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó máa bá yín ka lẹ́tà ìjọba, tó máa bá yín gbọ́mọ nílé ìwé lọ́jọ́ tí ara yín ò yá, ó níye lórí ju ìdínwó owó ilé lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò mọ̀ mọ́. Mo mọ ẹni tó ti gbé ọdún mẹ́sàn-án lórílẹ̀-èdè kan tí kò lè fi èdè ibẹ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì. Mo sì mọ ẹni tó sá fún àwọn èèyàn rẹ̀ tó jẹ́ pé ìdánìkanwà ló lé e padà.

Àwọn ọmọ mi ńkọ́?

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ilé ìwé kẹ́ ẹ tó wo yàrá. Níbi púpọ̀, Amẹ́ríkà pàápàá, ibi tẹ́ ẹ ń gbé ló ń sọ ilé ìwé ìjọba tí ọmọ yín máa lọ. Ní England, jíjìnnà sí ilé ìwé wà lára ohun tí ọ̀pọ̀ wọn fi ń yan ọmọ. Òpópónà kan lè yí gbogbo ẹ̀ padà.

Mo gbàgbọ́ pé torí orúkọ mi ni wọn ò ṣe fún mi nílé.

Ó lè jẹ́ òótọ́. Òfin kọ̀ ọ́ ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1968, ní Jámánì láti ọdún 2006, ó sì wà nínú òfin ìdọ́gba tí Britain ṣe lọ́dún 2010. Àmọ́ ẹ̀rí ló ń jà nílé ẹjọ́: ẹ tọ́jú àtẹ̀jíṣẹ́ yín, kẹ́ ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì lọ bá ẹgbẹ́ àwọn ayálégbé ìlú náà. Ẹ má dúró de ilé yẹn ṣá. Ẹ máa wá òmíràn lọ bẹ́ ẹ ṣe ń jà.

Ṣé kì í ṣe àwa tá à ń kó lọ ló ń mú kí owó ilé ibẹ̀ ga fáwọn tó ti wà níbẹ̀?

Ọmọ mi ló bi mí ní ti ẹ̀. Ọdún 1964 ni Ruth Glass, onímọ̀ nípa àwùjọ, fún un lórúkọ lédè Gẹ̀ẹ́sì, gentrification, nígbà tó ń wo bí àwọn olówó ṣe ń ra ilé àwọn òṣìṣẹ́ ní London tí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ sì ń fẹsẹ̀ fẹ. Ẹni tó kó lọ torí pé owó rẹ̀ ò ká ibi tó wà kọ́ ni olówó tí obìnrin yẹn ń sọ. Síbẹ̀, ẹni tó bá gbà láti san ohunkóhun tí onílé bá béèrè torí pé ó kéré lójú tiẹ̀ ń bá wọn ti iye náà sókè. Ẹ béèrè iye tí ayálégbé àtijọ́ ń san. Ní Netherlands, ẹ lè ní kí ìgbìmọ̀ tó ń jẹ́ Huurcommissie yẹ owó ilé yín wò láàárín oṣù 6 àkọ́kọ́.

Báwo ni mo ṣe máa jáde nílé tí mo wà báyìí?

Ẹ ka ìwé àdéhùn kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí tuntun. Ní Jámánì, oṣù 3 ni ayálégbé sábà máa ń fún onílé ní gbèdéke. Ní France, oṣù 1 ni ní àwọn ìlú tí ilé ti wọ́n. Ẹni tí ò bá ṣírò èyí á san owó ilé méjì pọ̀. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń jáde, ẹ ya fọ́tò gbogbo yàrá àti nọ́ńbà ojú mítà, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí ara yín kó lè ní déètì.

Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe lálẹ́ ọjọ́ tí mo bá kó débẹ̀?

Kẹ́ ẹ tó tú ẹrù kankan, ẹ kọ orúkọ yín sí bébà, kẹ́ ẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ àpótí lẹ́tà. Ní Jámánì, bí orúkọ yín ò bá sí níbẹ̀, lẹ́tà ń padà síbi tó ti wá ni. Téèpù ni mo fi lẹ tèmi, kò tíì já.